Má-fòyà, Ẹ̀wù Tí Kò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kí àwọn àgbà tó máa pa á lówe pé ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò?

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní, kò lè fún ni. Olùkọ́ yín ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì gbà á gbọ́ nítorí pé ẹgba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn dára. Ó gún régé, ó mọ́ tónítóní, kò sì sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìní kọ́ ló bí òwe yìí. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àpọ̀jù ni, àti ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́yàwó, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀wù kan tí wọ́n fi ọparun, irin, ìda oyin àti ìgbéraga rán.

Ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ ń jẹ́ Òkè-Ọparun. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu láti wá a kiri. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ gan-an kì í fẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí àwọn ti wá.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọnàyẹmí. Agbẹ́gilére ni bàbá rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá gbẹ́ ère ìyá àgbà, àwọn tó ń kọjá lọ a máa kí ère náà kú ìjókòó. Alágbẹ̀dẹ ni ìdílé ìyá rẹ̀, tàkúté wọn ló sì mú kí àwọn ọ̀yà agbègbè yẹn máa gbàdúrà kí wọ́n tó jáde nílé. Ọnàyẹmí kọ́ iṣẹ́ bàbá dé ìdajì, ó kọ́ iṣẹ́ ìyá dé ìdajì, ó pa ìdajì méjèèjì pọ̀, ó ní odidi ni. Lẹ́yìn náà ló kéde pé aṣọ rírán ni Olódùmarè rán òun wá ṣe láyé. Olódùmarè kò jáde wá sẹ́ ẹ, torí náà gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé irú aṣọ tí à ń wọ̀ kí ìhòòhò má baà hàn ni mò ń sọ. Ọnàyẹmí ní ọ̀lẹ ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó ní aṣọ tó kàn rọ̀ sára ènìyàn láìṣe nǹkan kan, kí ló fi yàtọ̀ sí àlejò tó jẹun tán tí kò lọ? Aṣọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀, kí aṣọ mọ̀ sí i. Bí oòrùn bá mú, kí aṣọ dìde sí i. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí aṣọ náà kúkú máa bá àwọn gbin iṣu. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń ronú sí ìyẹn lọ́wọ́.

Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí títí, ó sì gbé ẹ̀wù kan jáde tó sọ lórúkọ ní Má-fòyà.

Kíjìpá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọnàyẹmí fi ìda oyin àti òrí ra á títí tí omi òjò fi ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí òkúta odò. Nínú lọ́hùn-ún, ó to ọparun tó là pẹlẹbẹ sí i bí egungun ìhà, kí aṣọ má baà lẹ̀ mọ́ ara tó ń làágùn. Lábẹ́ abíyá kọ̀ọ̀kan, ó rán ẹwìrì kékeré mọ́ ọn, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti ń ju apá rìn, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ sí i láyà. Ó la ojú omi sí èjìká, kí òjò tó bá rọ̀ máa ṣàn gba ibẹ̀ lọ sínú kèrègbè kan ní ìbàdí, kí àgbẹ̀ lè rí omi mu lóko. Ṣùgbọ́n ọrùn ló fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dẹ tàkúté sí ọrùn ẹ̀wù náà, ó ká àkẹtẹ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ta okùn láti ibẹ̀ dé ìbàdí. Bí àgbẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti roko, okùn á fà, tàkúté á já, àkẹtẹ̀ á ṣí bo orí rẹ̀ gbàmù. Bó bá fẹ́ nàró, àwọn ọparun á ti ẹ̀yìn rẹ̀ sókè gbọnrangandan kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún, àkẹtẹ̀ á sì padà sí àyè rẹ̀.

Nítorí pé ọmọ agbẹ́gilére ni, ó gbẹ́ ẹyẹ igi kọ̀ọ̀kan sí èjìká méjèèjì. Wọ́n bi í pé kí ni iṣẹ́ àwọn ẹyẹ. Ó ní wọn ò níṣẹ́, ẹwà lásán ni wọ́n. Àwọn ẹyẹ yẹn nìkan ni kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà ní mo ń ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́.

Ó kù ká wá ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni Bámgbálà ti wọlé.

Àgbẹ̀ ni Bámgbálà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́, tó sì fẹ́ràn Ìbídùn ọmọ Bàbá Látúnjí débi pé ó ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ebè inú oko. Ìbídùn náà fẹ́ ẹ. Bàbá Látúnjí ló kù. Bàbá Látúnjí kò bìkítà nípa iye iṣu tí ọkọ kó wá, kò bìkítà nípa ilé tó kọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó ní ìwà ọkùnrin kò sí lójú rẹ̀, kò sí lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ ló wà, nígbà tí àyà náà bá wà nílẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ dìde títí òun yóò fi ní kó dìde. Òun náà kì í sì í tètè sọ ọ́. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wá, ìjàlọ bù ú jẹ nítan, ó gbé ìbàdí. Bàbá ní kó máa tẹ̀lé ìjàlọ náà lọ sílé. Ìkejì sín, àyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bàbá kí i pé pẹ̀lẹ́, ó sì fi ó dàbọ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Ìbídùn. Ó pe Bámgbálà sí kọ̀rọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ ku fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Bámgbálà, mi ò bẹ̀ ọ́ fún ohun mìíràn. Ṣáà dùbúlẹ̀. Bí ilé bá ń jó, jó mọ́ ọn."

Bámgbálà ní kò sí wàhálà, ìdọ̀bálẹ̀ ni òun mọ̀ jù láyé. Òótọ́ ló sì sọ. Láàárín ebè ló ti ń fi ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ra, débi pé àwọn igún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí i lára. Aṣọ ni kò ní. Dàńsíkí kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn sì ni àna máa ń wò jù nígbà tí ènìyàn bá wà nílẹ̀.

Ibi tó ti ń ronú aṣọ yìí ni Ọnàyẹmí bá a. Ó ní òun gbọ́ pé ó ń lọ tọrọ ìyàwó, òun á dá a láṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, irú aṣọ tí ojú kò rí rí. Bámgbálà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá." Ọnàyẹmí wo bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ó mí kanlẹ̀, ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀wù náà lọ sóko. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Bámgbálà bẹ̀rẹ̀, àkẹtẹ̀ ṣí. Ó nàró, àkẹtẹ̀ padà. Ó ju apá, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i láyà. Gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí ju ọkọ́ sílẹ̀ wá wòran. Wọ́n fọwọ́ kan irin, wọ́n fọwọ́ kan ọparun, wọ́n ń mi orí bí ẹni tó yé. Nínú gbogbo ọlọ́gbọ́n tó yí i ká lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rántí béèrè pé bí ènìyàn bá dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀ ńkọ́. Oko ni wọ́n wà. Ta là ń dọ̀bálẹ̀ fún lóko, iṣu?

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Òjò rọ̀ bí wọ́n ti ń lọ lọ́nà. Ó pa ẹ̀gbọ́n bàbá Bámgbálà tó síwájú, ó pa Kújọrẹ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ tó kù, ṣùgbọ́n Bámgbálà gbẹ bí ẹ̀kùrọ́. Inú rẹ̀ dùn. Kèrègbè ìbàdí rẹ̀ kún dé ẹnu. Ọnàyẹmí náà tẹ̀ lé wọn, kì í ṣe nítorí àna o, nítorí àwọn ènìyàn yòókù tí wọ́n lè fẹ́ rán irú rẹ̀.

Bàbá Látúnjí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abetí-ajá lórí, Ìyá Ìbídùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà ilé tò sí ọ̀tún àti òsì. Bí Bámgbálà ti ń bọ̀ ni ẹwìrì abíyá rẹ̀ ń mí fìì, fìì. Àwọn ìyàwó ilé rọra ń bi ara wọn bóyá ọkọ ìyàwó ní ikọ́ líle ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n bá wá, ó sọ ọ́ dáadáa, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bámgbálà bọ́ síwájú. Ó súnmọ́ Bàbá Látúnjí dáadáa, kí ìdọ̀bálẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́ lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Okùn fà. Tàkúté já. Àkẹtẹ̀ jáde lọ́rùn rẹ̀ bí ọ̀yà tí ajá lé jáde, ó gbá abetí-ajá kúrò lórí Bàbá Látúnjí, fìlà náà sì fò lọ balẹ̀ sórí òrùlé.

Gbogbo ilé gbójú sókè wo òrùlé. Ọnàyẹmí sọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, jẹ́jẹ́, fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́.

Bámgbálà kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé inú àkẹtẹ̀ ló wà. Ó rántí ọ̀rọ̀ Ìbídùn, ó sì na gbalaja. Bí àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ẹwìrì méjèèjì fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan sì jáde. Mi ò ní ṣàlàyé ohùn náà. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, ẹnì kan nínú yín sì ti búra rí pé òun kọ́. Ìyá àgbà kan nínú ilé ní kí wọ́n má bá ọmọ ọlọ́mọ wí, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀wà ló jẹ wá.

Ìyẹn ì bá tún ṣeé fara mọ́. Ṣùgbọ́n ọparun kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, kó tì í sókè. Ó tì í. Bámgbálà sì dìde gbọnrangandan.

Bàbá Látúnjí wò ó. "Mo ti ní kó dìde?"

"Rárá, bàbá," ni Bámgbálà wí. "Aṣọ ló dìde."

"Ṣé aṣọ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi?"

Bámgbálà yára padà sílẹ̀. Ohùn náà tún jáde. Ọparun tún gbé e. Ó padà sílẹ̀, ọparun gbé e. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń bọ̀ sílẹ̀, bí alángbá tó ń yin ara rẹ̀ lórí ògiri, àkẹtẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ẹwìrì sì ń sọ tẹnu rẹ̀ láìsinmi. Àwọn ọmọdé ilé ti dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Ọnàyẹmí ń ṣàlàyé fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé irú ọparun yìí kì í ṣẹ́, ìdí odò ni òun ti gé e.

Kújọrẹ̀ rí i pé ọ̀rẹ́ òun ń pàdánù ìyàwó. Ó sì gbọ́n dé ìwọ̀n kan. Ó ṣẹ́jú sí àwọn ọ̀rẹ́ yòókù, bí Bámgbálà sì ti tún kan ilẹ̀ báyìí, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ lé e lórí. Ìlànà kò lòdì sí i. Ọ̀rẹ́ ọkọ a máa bá ọkọ dọ̀bálẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ibi tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀ sí.

Ó dúró sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àyà Bámgbálà wà nílẹ̀ kò sì kúrò. Bàbá Látúnjí na ọrùn síwájú láti wò ó. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ìgbà náà ni kèrègbè fọ́.

Omi tú sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bótó, ìgbẹ́ màlúù, ra tó ń dán. Ẹ rántí pé ìda oyin àti òrí ló wà lára kíjìpá náà. Ẹ rántí pé àwọn ọparun ń wá ibi tí wọn yóò gbà jáde. Bámgbálà ṣí kúrò níbi tó wà pẹ̀lú Kújọrẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni gun ẹṣin. Ó gba abẹ́ àga Bàbá Látúnjí kọjá, àga ṣubú, bàbá jókòó sínú omi. Ó fọ́n omi bo Ìyá Ìbídùn láti gèlè dé ẹsẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó la àárín àwọn ewúrẹ́ kọjá, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ Ìbídùn, níbi tó ti ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé.

Ìbídùn wolẹ̀, ó rí ọkọ rẹ̀. Ó rọra ní, "Má dìde."

Kújọrẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Ọparun gbé Bámgbálà dìde.

Bàbá Látúnjí dé láìní fìlà, omi ń ro lára rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí Bámgbálà máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ti tán, òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tí ilẹ̀ kọ̀. Ìbídùn ló kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́. Kò sí ọkùnrin tó tíì dọ̀bálẹ̀ fún yín nígbà púpọ̀ bí eléyìí."

"Kò sì sí èyí tó tíì dìde nígbà púpọ̀ bí i rẹ̀," ni bàbá dáhùn.

Ìyá Ìbídùn fún ìró rẹ̀ tó tutù, ó fún gèlè rẹ̀, ó sì béèrè pé ta ló rán ẹ̀wù yìí. Ọnàyẹmí bọ́ síwájú kíákíá, ó ní òun ni, ó rò pé ìyá fẹ́ rán tirẹ̀. Ìyá Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ẹsẹ̀ lọ sókè, kò yára. Nígbà tó dé ọrùn, ó dúró. Bùbá àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí ewé ìlasa, kò sí irin, kò sí okùn, ọrùn rẹ̀ gbòòrò, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde.

"Ọnàyẹmí, èyí tó wà lọ́rùn tìrẹ ńkọ́?"

"Ìyá, èyí kì í ṣe nǹkan kan. Aṣọ ilé ni."

"Má-fòyà tìrẹ dà?"

Ọnàyẹmí ní àléébù kan, kì í lè parọ́ fún obìnrin tó bá tutù. Ó wolẹ̀. "Ìyá, mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wọ̀ ọ́ lọ kí bàbá mi láàárọ̀. Bàbá mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ di òní."

Gbogbo ojú yí sí Ọnàyẹmí.

"O mọ̀, o sì gbé e wọ ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé àna," ni Ìyá Ìbídùn wí.

"Kò bi mí, ìyá."

Ìyá Ìbídùn kò jà. Ó kàn ní kó bọ́ bùbá yẹn. Àwọn ọ̀rẹ́ tú Bámgbálà kúrò nínú Má-fòyà, wọ́n fi bùbá Ọnàyẹmí wọ̀ ọ́. Ìyá Ìbídùn wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ẹ̀wù lẹ lé lọ. Ẹ ò tíì rí ọmọkùnrin yìí." Bàbá Látúnjí rò ó títí, ó ní kó dùbúlẹ̀ ká wò ó.

Bámgbálà na gbalaja sórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Bàbá Látúnjí lọ pààrọ̀ aṣọ, ó dé, ọmọ náà wà nílẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá yọ fìlà rẹ̀ lórí òrùlé, wọ́n sá a sóòrùn, ó gbẹ, ọmọ náà wà nílẹ̀. Bàbá jẹ iyán, ó mu omi, ó gbọ́wọ́ lérí sùn díẹ̀. Adìẹ kan gun Bámgbálà lẹ́yìn, ó rìn án láti ìdí dé èjìká, ó ronú nípa yíyé ẹyin síbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí bàbá jí tó ní kó dìde, kò dìde. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n gbọ́ tó ń han-anrun. Omijé lé sójú Bàbá Látúnjí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bímọ ni òun ti ń wá irú ọkùnrin yìí.

Bí Bámgbálà ṣe fẹ́ Ìbídùn nìyẹn.

Ó wá ku Ọnàyẹmí, tó dúró síbẹ̀ láìní ẹ̀wù lọ́rùn. Àgbàlagbà kò lè la ìlú kọjá báyẹn, ẹ̀wù kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́kù nílẹ̀. Kújọrẹ̀ bá a wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì so okùn ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè dé. Iwájú ilé Baálẹ̀ ni ọ̀nà ilé Ọnàyẹmí gbà kọjá, ọ̀sán sì ni. Baálẹ̀ àti gbogbo àwọn ìjòyè ti jókòó sábẹ́ igi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju Ọnàyẹmí lọ lọ́jọ́ orí, kò sì sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ní Òkè-Ọparun tó lè kọjá níwájú wọn lórí ìdúró.

Ó kí Baálẹ̀. Ó kí Ọ̀tún. Ìgbà tó fi máa kí Òsì, fìlà ti pé mẹ́ta lórí igi, Baálẹ̀ sì ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè rẹ̀ pé kí ni ọkùnrin yìí jẹ láàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti bọ́ sí Òkè-Ọparun tó ní òun á dá ènìyàn láṣọ, àwọn ará ibẹ̀ kì í wo ọwọ́ rẹ̀, wọn kì í wo òye rẹ̀, wọn kì í sì í béèrè irú ìdílé tó ti wá. Wọn á yí i ká, wọn á tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ bùbá rírọ̀ ló wà níbẹ̀, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, wọn á sì máa lọ nínú àkísà wọn. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.